Ìkejì Rẹ̀ Lábẹ́ Èjìká Òsì

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ní kí ìyàwó bọ́ gbogbo irin ara rẹ̀ kó tó wọnú ẹ̀rọ ayàwòrán, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló kó wọn sí: yẹtí méjì, àti òrùka ìgbéyàwó tí wọ́n fi ọṣẹ yọ. Káfíńtà àgbà náà di ọwọ́ mọ́ wọn, jìnnìjìnnì sì bò ó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe kó yẹtí ọmọbìnrin wọn lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́sí, ọmọ náà kò sì padà wá gbà á. Kókó kan ló yọ sí itan ọmọ yẹn. Wọ́n fi òróró wọ́ ọ, wọ́n fi omi gbígbóná jó o, títí ó fi di ohun tí apá dókítà ò ká mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ti ìyàwó yìí wà lábẹ́ egungun èjìká ọ̀tún. Alágbàfọ̀ ni. Bó bá na ọwọ́ síwájú láti fún aṣọ, kókó náà á yọ bí ẹyin; bó bá ká ọwọ́ padà, á sá wọlé. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ rẹ̀ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ wọ́ ọ.

"Bàbá wa, ẹ má fi òrùka mi ra pákó o," ni ìyàwó wí bó ti ń wọlé.

"Máa lọ jàre. Pákó wo ni yóò ká?"

Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kàn gbà-gbà-gbà, bí ìgbà tí ẹni tí kò mọ ìṣó kàn bá gun òrùlé. Káfíńtà jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Nígbà tí ariwo dákẹ́, dókítà obìnrin tó ń ka àwòrán yọjú.

"Bàbá, ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i. A fẹ́ ya ẹ̀gbẹ́ òsì náà."

"Ọ̀tún ló ń dùn ún."

"Mo mọ̀, sà. Mo rí nǹkan kan létí àwòrán ni."

Ilẹ̀kùn padé. Ó ti tàn ká nìyẹn. Bí ti ọmọ wọn ṣe rí náà nìyẹn: wọ́n rí ọ̀kan nítan, wọ́n tún lọ rí òmíràn nínú ẹ̀dọ̀fóró. Òrùka ń gún un látẹ́lẹwọ́, kò mọ̀.

Nígbà tó yá, dókítà pè é wọlé. "Òmíràn wà lábẹ́ èjìká òsì lóòótọ́."

"Ẹ má fi bò fún mi. Oṣù mélòó ló kù?"

"Oṣù kẹ̀? Bàbá, ẹ wá wò ó." Ó nàka sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ẹ wo bó ṣe tò: ìlà ọ̀rá kan, ìlà okùn ẹran kan, ọ̀rá, okùn. Irú kókó yìí ṣọ̀wọ́n, abẹ́ èjìká ló sì fẹ́ràn. Ó sábà máa ń yọ ní méjì. Ti òsì yẹn gan-an ló túbọ̀ fi mí lọ́kàn balẹ̀. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. A ò ní fọ̀bẹ kàn án, àfi tí ìrora bá pọ̀ jù."

Káfíńtà tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ó dà bí ojú pákó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ká ní wọ́n tètè ya ti ọmọ wọn ni... Ó gbé èrò náà mì.

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ń de bọ́tìnnì aṣọ. "Kí ni wọ́n wí?"

"Méjì ni wọ́n."

Ojú obìnrin náà yí padà. "Méjì?"

"Wọn ò ní pa ẹ́. Na ọwọ́ wá."

Ó fẹ́ fi òrùka bọ̀ ọ́ níka, ṣùgbọ́n oríkèé ìka kò jẹ́ kó wọlé. Obìnrin náà gbà á, ó fi bọ ìka ara rẹ̀.

"Yẹtí mi dà?"

Ó ṣí ọwọ́ kejì sílẹ̀, ó sì dúró títí obìnrin náà fi mú wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan.