Òwú Tí Abẹ́rẹ́ So Mọ́ Oúnjẹ Alága

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí tí Abẹ́rẹ́ ń ṣí báàgì oúnjẹ ajá wò, ilẹ̀ ò sì tíì mọ́ dáadáa. Aago mẹ́jọ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra, aago mẹ́fà ò tíì kọjá, àmọ́ ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó. Ó jókòó, ó dìde. Ó ka abọ́, ó fa síìpù báàgì, ó tún tú u.

"Abẹ́rẹ́," bàbá rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé wọ́n ti bímọ sínú báàgì yẹn látìgbà tó o ti ń kà wọ́n ni?"

Abẹ́rẹ́ tún fa síìpù náà. Iṣẹ́ aránṣọ ló ń ṣe, bàbá rẹ̀ ló sì ti sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́ láti kékeré, nítorí pé ó tín-ín-rín, àti nítorí pé ibi yòówù kó gbà kọjá, èèyàn kì í gbọ́ ìró rẹ̀.

Abọ́ oníke mẹ́fà ló wà nínú báàgì, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn rí bákan náà. Mẹ́ta jẹ́ ti Alága, ajá wọn. Mẹ́ta jẹ́ ti èèyàn. Ìrẹsì àti adìẹ ló wà nínú gbogbo wọn, torí pé ohun kan náà ni Abẹ́rẹ́ máa ń sè fún ajá àti fún bàbá rẹ̀ láti dín wàhálà kù. Bí ìrẹsì bá ti jinná, á kọ́kọ́ bu ti ajá kúrò pẹ̀lú ẹran àyà adìẹ tí wọ́n fi omi lásán bọ̀. Lẹ́yìn náà ni á da òróró, iyọ̀ àti àlùbọ́sà sí ìyókù, á sì fi ẹran itan tó ti yọ eegun rẹ̀ kún un. Kí wọ́n má bàa ṣì í gbé, ó so òwú mọ́ etí abọ́ kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń so ó mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Òwú búlúù ni ti ajá. Òwú aláwọ̀ ewé ni ti èèyàn. Láti oṣù mẹ́rin tí àìsàn Alága ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ nílé: Abẹ́rẹ́ á se oúnjẹ láàárọ̀, á so òwú, á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, bàbá á sì fún ajá jẹ lọ́sàn-án.

Síbẹ̀ àìsàn náà ò lọ. Ara Alága á yá lọ́sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ á tún máa bì, á máa gbọ̀n, kò ní lè dìde lórí ẹní. Abẹ́rẹ́ ti fi ẹja rọ́pò adìẹ rí. Ó ti fi ànàmọ́ rọ́pò ìrẹsì. Ó ti dín oúnjẹ náà kù, ó ti pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò sí èyí tó ṣiṣẹ́. Dókítà ẹranko, obìnrin kúkúrú kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ti là á yé e.

"Ẹ̀yà ara tó ń mú kí ọ̀rá dà nínú ikùn rẹ̀ ló ń wú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ti gbé e wá báyìí. Tó bá tún fi ẹnu kan ọ̀rá lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ lè má gbé e padà sílé mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Abẹ́rẹ́ gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti ń gbé inú etí rẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ìyá rẹ̀ ló tọ́ Alága láti kékeré, ọdún kejì nìyí tí ìyá ti fi wọ́n sílẹ̀, ajá náà nìkan sì ni bàbá ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Tí Abẹ́rẹ́ bá wọlé láti ṣọ́ọ̀bù, á máa gbọ́ wọn: bàbá ń ròyìn, Alága ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Tí Alága bá lọ, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó máa wọ ilé yẹn, òun ò mọ bí òun á ṣe gbé inú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́nà jíjìn ló bímọ, òun ni wọ́n ń lọ kí. Bàbá ní òun ò lọ láìsí Alága. Abẹ́rẹ́ tún lọ bá dókítà, dókítà sì ṣètò ìrìn-àjò ajá fún un. Kí ajá má jẹun kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Oúnjẹ tó ti mọ̀ nílé ni kó jẹ lọ́nà, kì í ṣe ohun tuntun. Kí ó jẹ díẹ̀ níbi tí ọkọ̀ bá ti dúró, kó sì rìn kiri kó tó wọlé padà.

Kí wọ́n tó jáde, Abẹ́rẹ́ de àmùrè mọ́ Alága láyà, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán kí wọ́n lè máa fi dì í mú. Àmùrè náà tún ti fún. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tú ojú rẹ̀ kó lè fẹ̀. Ó wo bàbá rẹ̀ tó ń di ìgbànú mọ́ ṣòkòtò tí òun ti gba ìdí rẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀mejì, inú rẹ̀ sì tún bàjẹ́. Àgbà ti ń dé sí bàbá, ó ń rù. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká.

Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìn pátápátá ni awakọ̀ fi wọ́n sí. Ó ní tí ajá bá ba ọkọ̀ òun jẹ́, àwọn ló máa fọ̀ ọ́. Obìnrin kan tó ń ta bàtà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó há àpò bàtà sáàárín ẹsẹ̀, ó sì ń wo báàgì oúnjẹ.

"Gbogbo èyí, ti ajá?"

"Ìdajì ni," Abẹ́rẹ́ fèsì pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

"Ọkọ mi ò rí irú rẹ̀ jẹ. Ẹ bá mi bi í bóyá ó ń wá ìyàwó."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ó ti dàgbà jù fún yín, ìyá oníbàtà. Ẹnu rẹ̀ ò sì gba iyọ̀."

Abẹ́rẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ wà lára ikùn Alága, bó ṣe ń lọ sókè, bó ṣe ń wá sílẹ̀.

Ọ̀sán pọ́n kí ọkọ̀ tó dúró. Gbogbo èèyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ na ẹsẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan. Omi Alága ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ̀rọ omi sì wà ní òdìkejì ọgbà, èrò tò síbẹ̀. Abẹ́rẹ́ gbé ìgò, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró.

"Bàbá, ti búlúù o."

"Ìwọ ọmọ yìí. Ogójì ọdún ni mo fi kun ilé fún àwọn èèyàn. Funfun nìkan, oríṣi mọ́kànlá ni mo mọ̀. Ṣé búlúù lo fẹ́ kọ́ mi? Lọ pọn omi."

Ó lọ. Ó tò, ó ń wo ẹ̀yìn. Ó kúrò lórí ìlà bí ẹni tó fẹ́ lọ wò wọ́n, ó padà, àwọn èèyàn tì í sẹ́yìn, ó tún tò. Nígbà tó fi bu omi tó sáré padà dé, bàbá ti jẹun tán, ó ń fi omi ṣan ẹnu. Alága ń pọ́n ìsàlẹ̀ abọ́ tirẹ̀ lá, ó ń ju ìrù.

Abọ́ tó wà níwájú ajá ń dán fún òróró. Òwú aláwọ̀ ewé ló wà ní etí rẹ̀.

Ìgò bọ́ lọ́wọ́ Abẹ́rẹ́. Ó gbá abọ́ náà mú. Ìrẹsì díẹ̀ ló kù. Ẹran ti lọ.

"Bàbá, kí lẹ jẹ?"

"Oúnjẹ mi."

"Òwú wo ló wà lára rẹ̀?"

"Aláwọ̀ ewé kẹ̀."

Abẹ́rẹ́ já òwú tó wà lára abọ́ ajá, ó nà án sí bàbá rẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

Bàbá gbà á. Ó gbé e sún mọ́ imú, ó yí i sí oòrùn, ó dijú kan, ó la èkejì. 

"Búlúù ni."

Ìyá oníbàtà tó jókòó sórí àpò rẹ̀ ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. "Bàbá, aláwọ̀ ewé nìyẹn o," ló wí jẹ́jẹ́.

 Bàbá yí òwú náà mọ́ ìka, ó tú u.

"Ìgbà wo ló ti rí bẹ́ẹ̀?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ó dà bíi pé èéfín wọ ojú mi. Mo rò pé á lọ."

"Ṣé ẹ ò gbọ́ òórùn àlùbọ́sà ni?"

"Imú wo? Ọ̀dà ti pa imú mi kí wọ́n tó bí ẹ." Ó fọwọ́ nu ẹnu. "Mo ṣáà mọ̀ pé kò níyọ̀."

"Kí ni ò níyọ̀?"

"Oúnjẹ tó ò ń sè fún mi. Lónìí á níyọ̀, lọ́la kò ní ní. Mo rò pé ẹnì kan ti bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru mi, tójú sì ń tì ẹ́ láti sọ fún mi. O kì í sọ̀rọ̀. Mo ní kí n máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n má dójú tì ẹ́."

Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi. Àmùrè ajá tí òun ń tú ojú rẹ̀, ṣòkòtò bàbá tí òun ń gba ìdí rẹ̀ wọlé: ọwọ́ òun kan náà ló ṣe méjèèjì, lórí tábìlì kan náà, nínú oṣù kan náà, òun ò sì béèrè. Oṣù mẹ́rin. Oúnjẹ tó yan fún Alága dára láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ló ń jẹ ẹ́.

Ó pe dókítà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tẹ nọ́ńbà náà kó tó wọlé.

"Ẹ má fún un ní oúnjẹ kankan mọ́ títí di àárọ̀ ọ̀la," dókítà wí. "Omi díẹ̀díẹ̀ nìkan. Tó bá bì lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa lọ. Tó bá bì lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tó tẹ àyà mọ́lẹ̀ tó gbé ìdí sókè, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbikíbi, ẹ wá dókítà ẹranko. Ẹ má ṣe dúró de ilé."

Bọ́ọ̀sì gbéra. Wákàtí márùn-ún ló kù. Alága dùbúlẹ̀ sórí ẹsẹ̀ bàbá, bàbá sì gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Báwo ló ṣe ń ṣe?" ló bi Abẹ́rẹ́.

"Ó dùbúlẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi ti kú. Ojú rẹ̀ ńkọ́?"

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ yé Abẹ́rẹ́ pé bàbá òun ò rí ojú ajá tó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó fà sún mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń lá ẹnu. Ó ti gbé orí, ó tún gbé e lélẹ̀. Àwọn èrò yí ojú sí wọn, ara Abẹ́rẹ́ gbóná fún ìtìjú, kò sì dákẹ́. Ìṣẹ́jú méjì kì í kọjá kí bàbá tó tún béèrè. Kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ríṣẹ́ ṣe, Abẹ́rẹ́ já gbogbo òwú abọ́ yòókù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so tuntun tó ta kókó sí, ó ń so, ó ń ròyìn.

Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, Alága dìde, ikùn rẹ̀ fà wọlé, ó bì.

"Ajá yẹn ti bẹ̀rẹ̀," awakọ̀ kígbe láti iwájú.

Bàbá ti bọ́ fìlà rẹ̀, ó ń fọwọ́ táálẹ̀ wá ibi tó yẹ kó nù. Abẹ́rẹ́ darí ọwọ́ rẹ̀ síbẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn," bàbá wí.

"Ẹ̀ẹ̀kan."

Láti ibẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú ìlà ẹ̀yìn yẹn àfi Abẹ́rẹ́. Ìyá oníbàtà pàápàá ti gbé àpò rẹ̀ kúrò kí Alága lè na ẹsẹ̀. Gbogbo ibi tí ọkọ̀ bá ti gbọ̀n wọ́n, Abẹ́rẹ́ á di abẹ́ àyà ajá mú, á máa bẹ̀rù pé ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó mu omi, omi náà dúró. Ó tún mu. Nígbà tí wọ́n fi rí iná ìlú, ó ti ń sun oorun, ó ń hanrun.

"Kí ló ń ṣe báyìí?"

"Ẹ̀yin náà ń gbọ́ ọ, bàbá."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nílé ẹ̀gbọ́n, ọmọ tuntun ń ké ní yàrá, Abẹ́rẹ́ sì ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀. Ó ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ojú bàbá, wọ́n máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá di aago mẹ́sàn-án. Alága jókòó sílé ìdáná, ó ń wo abọ́ méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú gbóná.

Bàbá na ọwọ́. Ìka rẹ̀ wá òwú rí, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kiri.

"Kókó kan. Ti Alága." Ó mú èkejì. "Kókó méjì. Tèmi."

Ó gbé ti ajá sílẹ̀. Kò tíì tú tirẹ̀, ó yí ojú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ dúró sí.

"Wá kà á, Abẹ́rẹ́."

Ó wá. Ó fọwọ́ kan òwú náà, ó kà á sókè: kan, méjì. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Alága, ó sì ń sọ fún bàbá rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, òkèlè kan lẹ́yìn òkèlè kan.