Irun Ọmọ Mi àti Ààrò Búrẹ́dì

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti wà nídìí ààrò búrẹ́dì nílé iṣẹ́ wa, kò sì sẹ́ni tó mọ ojú ààrò yẹn tó mi. Nígbà tí wọ́n fi ìyàwó mi ṣe ọ̀gá gbogbo wa, àwọn tó ń po fúláwà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo ti ń dọ̀bálẹ̀ kí n tó jẹun alẹ́. Mò ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ń bí mi.

Òfin àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ẹni tó bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan máa kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀, á lọ máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Ọjọ́ mẹ́ta péré, mo ti pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ má bínú, ọ̀gá ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, èmi ló kù tí mo ń dirun ọmọ wa obìnrin kó tó lọ síléèwé. Ọwọ́ mi le, ọmọ ń sunkún, irun ń tú. Ṣé kí n wá sọ ìyẹn létí àwọn oníyẹ̀yẹ́ wọ̀nyẹn? Mo ní táyà kẹ̀kẹ́ mi ló jò.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyàwó mi pè mí síwájú gbogbo wọn. Ó ní kẹ̀kẹ́ mi kan náà tí òun fúnra òun gùn wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yẹn ńkọ́, èwo ló tún jò? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ lò tó ọ̀sẹ̀ kan.

Mo bojú wo ààrò mi. Mo yọ òòyà jáde nínú àpò.

"Ọ̀gá, irun ọmọ yín ni mò ń dì. Mi ò sì mọ̀ ọ́n dì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ jù lọ rọra bi mí pé, "Ṣé ọmọ tìẹ náà máa ń mi orí bíi tèmi?"

Ọ̀gá ní irun ò burú, irọ́ ló burú, kí n lọ di búrẹ́dì sínú ọ̀rá fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí wọra. Àmọ́ ó ní láti ìsinsìnyí lọ, ẹni tó bá ní ọmọ tó ń múra fún, lọ́kùnrin lóbìnrin, lè fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ́. Nírọ̀lẹ́, ó jókòó tì mí, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pín irun sí mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí mo padà sídìí ààrò, mo pín fúláwà pípò sí mẹ́ta, mo dì í bí irun, mo fi sínú iná. Kó tó di ọ̀sán, àwọn oníbàárà ti rà á, ó ku ẹyọ kan lórí àtẹ. Ọ̀gá gbé e, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ní ta ló kọ́ mi.

"Ẹ̀yin ni. Orí ọmọ yín ni mo fi kọ́ṣẹ́."

Ó ní kí n ṣe ogójì lọ́la, kí n sì rí i pé wọn ò tú bíi ti orí ọmọ òun láàárọ̀ yẹn.