Ilẹ̀kùn Tí Kóòtù Fi Èdìdì Dí

Àga tí wọ́n ní kó jókòó lé ṣì wà nínú ọ̀rá. Bó ṣe fìdí lé e báyìí ni ọ̀rá náà pariwo, gbogbo ojú tó wà nínú kóòtù sì yí sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Bàtà ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó tẹjú mọ́ bàtà ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bàtà rírà, tó fún un lẹ́sẹ̀ òsì, tó sì ń yọ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Ẹni tó ti fi ogójì ọdún ṣe bàtà fún aráyé, bàtà ọjà ló wọ̀ wá sí kóòtù.

Gbogbo nǹkan ibẹ̀ ló jẹ́ tuntun. Ọ̀dà ara ògiri ṣì ń rùn. Aago wọn ń ṣiṣẹ́. Èyí tó wà ní kóòtù àtijọ́ ti kú kí Ọ̀gá Bàtà tó kọ́kọ́ débẹ̀, kò sì sẹ́ni tó jí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ẹnu ọ̀nà: KÓÒTÙ ÀKÀNṢE FÚN ẸJỌ́ ÒWÒ. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ nítorí àwọn ẹjọ́ bíi tiẹ̀, ẹjọ́ ilé iṣẹ́ àti ti àjọṣe òwò tó ti lọ́ mọ́ra wọn, tí adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ olè adìyẹ láàárọ̀, tó ń tú ìgbéyàwó ká lọ́sàn-án, kì í ráyè tú. Òní ni wọ́n ṣí i. Ẹjọ́ tiẹ̀ ni wọ́n sì kọ́kọ́ pè.

Ọdún mọ́kànlá. Adájọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ náà fẹ̀yìn tì. Wọ́n gbé ìkejì ga. Wọ́n gbé ìkẹta lọ sí ìlú mìíràn. Ìkẹrin ṣàìsàn, ó sì pẹ́ lórí àìsàn náà débi pé Ọ̀gá Bàtà ń gbàdúrà fún un bí ẹni pé ẹbí òun ni. Bí adájọ́ bá sì ti yí padà báyìí, ẹjọ́ á tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti búra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ti sọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ti nàka sí ọmọ ìyá rẹ̀ pé olè ni.

Lónìí, kò sí ẹni tí yóò nàka sí. Oṣù kẹjọ rèé tí àbúrò rẹ̀ ti kú. Ìyàwó olóògbé ló jókòó sórí àga tó yẹ kó jẹ́ ti ọkọ rẹ̀, nínú aṣọ dúdú, tó ká ọwọ́ sórí itan. Ó ti kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Bàtà lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú àárọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Òun náà dáhùn pé, "Ìyàwó, o kú àárọ̀," ni ọ̀rọ̀ bá tán láàárín wọn. Kò débi ìsìnkú. Lọ́yà rẹ̀ ló ní kò yẹ kí wọ́n rí i níbẹ̀ nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. Bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́: ó ti tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ara rẹ̀ láìmọye ìgbà láti oṣù mẹ́jọ, kò sì tù ú nínú rí.

Ilé iṣẹ́ tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ń gé awọ, àbúrò ń rán an. Ẹ̀mí iṣẹ́ náà kò sí lára ẹ̀rọ, ara ẹsẹ̀ igi ló wà. Igba ẹsẹ̀ igi ni bàbá wọn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́, ẹsẹ̀ ọmọdé, ẹsẹ̀ àgbà, títí kan ẹsẹ̀ tó tẹ́ àti èyí tó ní kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtàǹpàkò. Orí wọn ni wọ́n ti ń na awọ kó tó di bàtà. Ẹni tí ẹsẹ̀ igi bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ilé iṣẹ́; ìyókù kò ju pátákó àti òrùlé lọ.

Ilé iṣẹ́ ńlá kan ló wá ní òun fẹ́ bá wọn da òwò pọ̀. Àbúrò ní ká gbà. Ẹ̀gbọ́n ní àfi tí òun bá kú. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan ṣoṣo láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ọ̀gá Bàtà ṣílẹ̀kùn, ó rí i pé pẹpẹ ẹsẹ̀ igi ti ṣófo. Ọlọ́dẹ ní òun rí àbúrò rẹ̀ tó ń gbé àpò káàkiri inú ilé iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kò wò kọjá ibẹ̀. Ó ti dájú lójú rẹ̀ pé wọ́n ti kó ẹsẹ̀ igi bàbá òun fún àwọn àjèjì. Kó tó di ọ̀sán, ó ti wà ní ọ́fíìsì lọ́yà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, kóòtù ti fi èdìdì dí ilẹ̀kùn, bó ṣe bẹ̀bẹ̀ fún un gan-an, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọlé títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Àbúrò rẹ̀ sáré wá sílé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi èdìdì dí i. Ọ̀gá Bàtà kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ojú fèrèsé ló ti sọ ọ́.

"Ohunkóhun tó o bá fẹ́ sọ, lọ sọ ọ́ fún lọ́yà mi."

Ìyẹn wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin náà lẹ rò pé mo lè jalè?"

Ọ̀gá Bàtà bẹ̀rẹ̀ sí ti fèrèsé.

"Ó dáa," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kí kóòtù wá ṣílẹ̀kùn nígbà náà."

Àwọn tó mọ̀ wọ́n kìlọ̀ fún un pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó ní òun kò wá ọ̀rẹ́. Ní báyìí kò wá ilé iṣẹ́ náà mọ́ pẹ̀lú, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀rọ inú rẹ̀ á ti dógùn-ún, ojú òun náà kò sì ríran gé awọ dáadáa mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: kí adájọ́ kan sọ ọ́ síta, kí gbogbo ayé gbọ́, pé olè ni àbúrò òun. Nítorí bí kò bá jẹ́ olè, kí ni òun ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá?

Adájọ́ wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Obìnrin ni, kò tíì pé àádọ́ta ọdún. Ọkùnrin arúgbó kan tẹ̀ lé e, ó sì jókòó sí apá òsì rẹ̀. Adájọ́ ní ìlànà kóòtù tuntun nìyẹn, pé bí ẹjọ́ bá jẹ mọ́ iṣẹ́ kan, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò jókòó ti òun. Aránbàtà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀gá Bàtà wo ọwọ́ rẹ̀ láti ọ̀ọ́kán, ó rí àpá abẹ́rẹ́ lórí àtàǹpàkò rẹ̀, ó gbà pé òótọ́ ni.

"Mo ti ka fáìlì yín láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn," adájọ́ wí.

Àwọn lọ́yà méjèèjì wo ara wọn. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ yẹn bà wọ́n lẹ́rù.

Adájọ́ gbé ìwé kan tó ti pọ́n sókè. Èsì tí olùjẹ́jọ́ kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ ni, láti ọdún mọ́kànlá. Ó kà á síta: "Ẹsẹ̀ igi kò kúrò nínú ilé iṣẹ́. Olùjẹ́jọ́ tọ́jú wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe ilé iṣẹ́ náà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀." Arúgbó aránbàtà bá sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i létí. Adájọ́ mi orí. "Ìṣe wo nìyẹn?"

Lọ́yà olóògbé dìde. "Olúwa mi, lọ́yà tó kọ ìwé yẹn ti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi ni ìkẹta. A bẹ̀bẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn ká lè wádìí..."

"Kò sí ọjọ́ mìíràn. Bàbá, ẹ̀yin náà ni ẹ jọ ṣe iṣẹ́ yìí. Ìṣe wo ni wọ́n ń sọ?"

Ọ̀gá Bàtà dìde. Kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí láyé rẹ̀. Nígbà tí èsì náà dé, lọ́yà rẹ̀ ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé àlàyé asán ni. Ó fẹ́ sọ pé kò sí ìṣe kankan. Arúgbó náà ló ṣáájú rẹ̀, pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń béèrè nǹkan tí kò lóró nínú.

"Àkókò wo nínú ọdún ni, ọ̀rẹ́ mi? Ṣé òjò ti bẹ̀rẹ̀?"

"Àkọ́rọ̀ òjò ọdún yẹn..." Ó rántí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wọ ẹrẹ̀ bó ṣe ń lọ sọ́dọ̀ lọ́yà, tó ń ṣépè fún ẹrẹ̀ àti fún àbúrò rẹ̀ pọ̀. "Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló rọ̀. Ó yá lọ́dún yẹn."

"Kí lẹ máa ń ṣe sí ẹsẹ̀ igi tí òjò bá bẹ̀rẹ̀?"

"Igi máa ń wú lásìkò òjò. Bàbá wa ní, lọ́jọ́ tí òjò bá kọ́kọ́ rọ̀, ká fi òróró pa wọ́n, ká kó wọn sínú àpò, ká gbé wọn sí..."

Ó gbójú sókè.

"Síbo, Bàbá?" adájọ́ wí.

"Sínú àjà. Lókè ààrò tá a fi ń mú bàtà gbẹ."

Ó rí ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, tó dúró níwájú pẹpẹ tó ṣófo, tí ìbínú gùn ún débi pé kò gbójú sókè. Ó ti máa ń fi òwe bú àwọn adájọ́ rẹ̀, pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹjọ́ ta ni òun fúnra rẹ̀ gbọ́?

"Ṣé ẹnikẹ́ni ti lọ wo ibẹ̀ rí?" adájọ́ béèrè. Lọ́yà kan ń ṣí ìwé, ìkejì ń wo ilẹ̀. "Ẹ dìde. Gbogbo wa là ń lọ."

Kò ju ìṣẹ́jú ogún lọ tí wọ́n fi débẹ̀. Nígbà tí òṣìṣẹ́ kóòtù ń já èdìdì kúrò lára ilẹ̀kùn, ìyàwó àbúrò rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀gá Bàtà.

"Ṣé o mọ̀?" Ọ̀gá Bàtà bi í, kò lè wojú rẹ̀.

"Kò sọ ibi tí wọ́n wà fún mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun mọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí inú yín bá rọ̀, ẹ ó rántí fúnra yín." Ó fi etí gèlè nu ojú. "Nígbà tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, ó ṣì ń sọ bẹ́ẹ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Eruku bo gbogbo nǹkan. Ẹ̀rọ ìránbàtà àbúrò rẹ̀ ti dógùn-ún mọ́ ibi tó wà, okùn kan ṣì wà lójú abẹ́rẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé àkàbà wá. Òṣìṣẹ́ kóòtù fẹ́ gùn ún, Ọ̀gá Bàtà dá a dúró. Lọ́yà rẹ̀ ní, "Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọjọ́ orí yín," kò tiẹ̀ gbọ́ ọ. Ó bọ́ bàtà tó ń fún un lẹ́sẹ̀, ó fi í sílẹ̀ lẹ́bàá àkàbà, ó gba tọ́ọ̀ṣì, ó sì gòkè lẹ́sẹ̀ lásán.

Ilẹ̀kùn kékeré kan ló wà lẹ́nu àjà. Ó tì í wọlé. Òórùn òróró pàdé rẹ̀, òórùn bàbá rẹ̀. Àwọn àpò wà níbẹ̀, wọ́n tò wọ́n dáadáa, ẹsẹ̀ àgbà lọ́tọ̀, ẹsẹ̀ ọmọdé lọ́tọ̀. Ó tú ẹnu ọ̀kan, ó mú ẹsẹ̀ igi kan jáde. Kòkòrò kò kàn án. Ó ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé àná ni wọ́n pa á lóróró.

Ìgbà náà ló tan iná sẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré náà. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń gba iṣẹ́ àjà fún ara wọn, ọdún yìí ẹ̀gbọ́n, ọdún tó ń bọ̀ àbúrò. Kó má baà di ìjà, bàbá wọn ní kí ẹni tó bá ṣe é fi àmì rẹ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Ìlà kan ni ti ẹ̀gbọ́n, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé awọ ló fi ń fà á, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Òrùka ni ti àbúrò. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n: ìlà, òrùka, ìlà, òrùka. Ọdún tó ṣáájú ẹjọ́, òrùka ni.

Ìlà ló kẹ́yìn.

Ó sún iná mọ́ ọn. Ọ̀bẹ kọ́ ló fa ìlà yẹn. Abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń lu awọ ni wọ́n fi gún un ní kékeré kékeré, tó tò tẹ̀ léra wọn, bí ojú rírán tí àbúrò rẹ̀ máa ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà. Ó mọ ọwọ́ náà. Kò sí ibi tí kò ti ní mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ ló bá a ṣe iṣẹ́ tó kàn án lọ́dún yẹn, ó sì fi àmì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síbẹ̀.

"Bàbá?" Ohùn adájọ́ dún wá láti ìsàlẹ̀. "Ṣé wọ́n wà níbẹ̀?"

"Wọ́n pé, mà."

"Ta ló kó wọn síbẹ̀?"

Ó fi tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, ó fi ọwọ́ bo àmì náà. Omi ń já bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ igi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, kò sì nù ún.

"Èmi ló kàn lọ́dún yẹn," ó dáhùn.

Nísàlẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀ di àkàbà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kó má baà yẹ̀ tó bá ń sọ̀ kalẹ̀.