Agogo Bọ́ọ̀sì ní Ilé Ìdáná

Eku kan wà ní láàbù tí Habeebah ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Bí agogo bá ti dún, ṣe ló máa gan bí ẹja inú fírísà. Ìdí rẹ̀ ò le: lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí agogo yẹn ṣe dún ni iná mànàmáná ta á lẹ́sẹ̀. Iná ti lọ tipẹ́. Ẹ̀rù ò lọ. Lára irú eku bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń wádìí bí ìpayà ṣe ń jókòó ti èèyàn nígbà tí jàǹbá ti kọjá.

Eku kejì ń gbé ní Glyndon Estate, ní ìlú London. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà, ó dá irùngbọ̀n sí, Jimoh lorúkọ rẹ̀, òun sì ni bàbá Habeebah.

Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì ni Jimoh. Lọ́jọ́ kan ní Plumstead, èrò kan tẹ agogo pé òun fẹ́ sọ̀, àfi gbàù! Lọ́rì ya wọ iwájú rẹ̀, gíláàsì dà sí i lára. Kò sẹ́ni tó kú. Ojú ọgbẹ́ jinná. Ṣùgbọ́n bó bá gbọ́ "tíin" lásán báyìí, ọwọ́ rẹ̀ a le gbagidi. Ọ̀gá gáréèjì sì ti ní òun fẹ́ èsì lọ́jọ́ Mọ́ńdè: ṣé ó ń padà sídìí sítiárìn, àbí kò padà mọ́?

"Daddy, ohun tá à ń ṣe fún àwọn eku yẹn la máa ṣe," ni Habeebah wí. "Agogo á máa dún, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀. Tó bá yá, á rẹ ẹ̀rù náà, á lọ."

"Ṣé èmi leku?"

"Ẹ kàn jọ ọ́ díẹ̀ ni, sà."

Medinat ìyàwó Jimoh dá sí i: "Ta ló wá ń jẹ ẹran inú ìkòkò mi láìsọ fẹ́nì kankan?"

Habeebah gba ohùn agogo bọ́ọ̀sì sórí fóònù. Jimoh ń jẹ ẹ̀bà ní ilé ìdáná: tíin! Òkèlè já bọ́. Lọ́jọ́ kejì, tíin! Òkèlè dúró sí agbedeméjì àwo àti ẹnu. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, agogo ń dún, Jimoh ń jẹun, ó tún ń bèèrè pọ̀ǹmọ́. Medinat pariwo, "Alhamdulillah!"

Ní Sátidé, bàbá àtọmọ wọ bọ́ọ̀sì Thamesmead ní Woolwich bí èrò lásán. Jimoh jókòó síwájú bí ọba. Habeebah dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo eku. Obìnrin kan tẹ agogo. Tíin.

Jimoh gan. Òógùn bò ó. Bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí báyìí, ó ti bọ́ sílẹ̀.

Habeebah sáré tẹ̀ lé e, ó ń fọwọ́ gbá orí ara rẹ̀. "Daddy, ẹ̀bi mi ni! Tí ẹ̀rù bá lọ lára eku nínú àpótí kan, ó lè padà tá a bá gbé e sínú òmíì. Ilé ìdáná nìkan lẹ ti gbádùn!"

Jimoh jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mí kanlẹ̀. "Nínú àpótí yẹn, ta ló máa ń wà pẹ̀lú eku?"

"Òun nìkan. Tí ẹnì kejì rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ lè dín kù, ìyẹn á sì da èsì wa rú."

"Ẹ̀rù rẹ̀ lè dín kù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O mọ̀yẹn, o wá lọ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn?"

 Eku rẹ̀ ni Habeebah ń rò, tó dá gan sínú àpótí, tí òun sì wà lẹ́yìn gíláàsì, tí òun ń ka ìṣẹ́jú. Kò tíì ṣe é rí bíi pé kóun ti ọwọ́ bọ ibẹ̀.

Bọ́ọ̀sì mìíràn dé. Wọ́n jókòó pọ̀, ọwọ́ nínú ọwọ́. Tíin!

"Daddy, ẹ ń fọ́ mi níka!"

"Ìwọ lo ní eku ni mí. Eku máa ń jẹni."

Wọ́n kọjá Plumstead. Ó gan, ó mí, kò sọ̀. Nígbà tí wọ́n dé Thamesmead, ẹnì kan gbọ́dọ̀ tẹ agogo kí wọ́n tó lè sọ̀. Habeebah na ọwọ́. Jimoh gbá ọwọ́ náà sẹ́yìn, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sọ fún ọ̀gá pé òun ń padà bọ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n wá dírẹ́bà kan tó máa jókòó ti òun ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀gá ní ta ló kọ́ ọ nírú ọgbọ́n yìí.

"Eku," ni Jimoh wí.