Fláàṣì Tó Ń Ti Imoru Wá

Fláàṣì kan ṣoṣo ló so èmi àti ọkọ mi pọ̀ lọ́dún yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Tahir ń kọ́ni ní Imoru. Èmi wà ní Ọ̀wọ̀, tí àwa ará ibẹ̀ ń pè ní Ọ̀ghọ̀, mò ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù télọ̀ bàbá mi. Àwa méjèèjì jọ ń ṣe ìwádìí lórí àrùn tó ń ba ẹ̀gẹ́ jẹ́, gbogbo ìwé tí à ń kà sì wà nínú fódà kan náà lórí kọ̀ǹpútà tèmi àti tirẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì Imoru ò lè gbé àwòrán kan ṣoṣo, ká má tíì wá sọ ti ìwé rẹpẹtẹ, ìyẹn la fi ń gbé fláàṣì lọ gbé e bọ̀.

Òfin wa ni pé ẹni tí fláàṣì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló lè fọwọ́ kan fódà náà. Bí àwa méjèèjì bá jọ fọwọ́ kàn án, iṣẹ́ ẹnì kan á pa ti ẹnì kejì rẹ́. Tahir fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á sì wà lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Àìkú. Á ti kọ ọ̀rọ̀ sí etí ìwé fún mi: “Zulai, irọ́ ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń pa.” Èmi náà á fèsì sísàlẹ̀. Ẹ̀rín ni mo fi ń kàwé nígbà yẹn.

Nígbà tó yá, ó ní iṣẹ́ pọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fláàṣì rán Adégbénga, awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Imoru. Ìwé ń wọlé, ọkọ ò wọlé. Mo máa ń ṣí gbogbo rẹ̀, mò ń wá ọ̀rọ̀ kan péré létí ìwé. Ìlà yẹ́lò tó fà sórí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán ni mò ń rí. Àárò rẹ̀ sọ mí débi pé mo gbé fláàṣì sí imú. Ṣé ike ń ní òórùn èèyàn ni?

Inú wá bí mi. Mo kó ìwé tó nílò sórí fláàṣì, mo sì fi í pa mọ́ sínú àpótí aṣọ mi. Bẹ́ẹ̀ ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ ní yunifásítì ń retí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó pè mí. “Zulai, fún Adégbénga ní fláàṣì.”

“Ẹ wá gbà á fúnra yín.”

“Ṣé nítorí fláàṣì ni kí n ṣe wá sí Ọ̀ghọ̀?”

Mo pa fóònù. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ó dé ní Sátidé, eruku bò ó. Ó ní Adégbénga ń dúró de òun níta. Mo yọ fláàṣì nínú àpótí fún un, ó kì í bọ kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó gbé wá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé. Mo fara ti ilẹ̀kùn, mò ń bẹ Ọlọ́run kó má parí. Kò pẹ́ tó parí.

“Ó ti bára mu,” ó ní. “Tèmi àti tìrẹ ò yàtọ̀ mọ́.”

“Ti ìwé nìyẹn,” mo ní. “Kí ni mo fẹ́ fi ìwé ṣe? Tahir, àárò rẹ ń sọ mí.”

Mi ò pè é lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí látọjọ́ tí wọ́n ti so yìgì wa. Ó mú fláàṣì, ó jáde.

Mo gbọ́ ohùn Adégbénga. Mo gbọ́ tí wọ́n pa ilẹ̀kùn ọkọ̀ dé, tí ọkọ̀ sì ṣí lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ó ṣe díẹ̀, mo gbọ́ tí omi ń dà lẹ́yìnkùlé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkọ mi ti ká ṣòkòtò sókè, ó ń ṣe àlùwàlá.

“Zulai,” ó ní, kò gbójú sókè, “kí la fẹ́ jẹ lálẹ́?”