Ife Ẹ̀yẹ Tó Wà Lórí Fìríìjì Wa

Akọ̀wé ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù wá sílé wa lọ́sàn-án Sátidé. Bàtà funfun ló wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni pé ilẹ̀ wa yóò bù ú jẹ. Ojú rẹ̀ lọ tààrà sórí fìríìjì, níbi tí ife ẹ̀yẹ ńlá náà wà, tí ṣíbí ìyàwó mi kún inú rẹ̀.

"Bàbá, à ń kọ ìtàn ìdíje wa àtijọ́ sára ògiri. A fẹ́ gba ife náà padà."

Ìtàn! Àwọn tó pa á ló tún fẹ́ ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọdọọdún ni àwọn tó ń fi gọ́ọ̀fù jẹun máa ń wá díje ní pápá wọn. Èmi ni mò ń gé koríko ibẹ̀. Àbúrò mi, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ló ń ru àpò igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, títí òun náà fi di ẹni tó ń fi í jẹun. Lọ́jọ́ tó na gbogbo wọn, ńṣe ni alága ẹgbẹ́ na ife sí i bí ẹni gbé ìkòkò gbígbóná. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí alága yẹn mọ́. Nígbà tí ọdún yípo, wọ́n ní kò sí ìdíje mọ́, koríko ń ṣàìsàn. Koríko yẹn náà ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ dòní.

Òfin wọn ni pé ẹni tó bá gba ife yóò gbé e lọ sílé, yóò gbé e padà lọ́jọ́ ìdíje tó ń bọ̀, ọjọ́ náà ni wọn óò sì fín orúkọ rẹ̀ sí i. Ìdíje ò bọ̀. Wọn ò fín orúkọ kankan.

"Ta lẹ kọ sára ògiri pé ó gbà á kẹ́yìn?" mo bi í.

Ó wo bàtà rẹ̀. "Àwọn orúkọ tó wà lára ife náà la kọ."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó máa gbé e lọ."

"Pa ẹnu ẹ dé! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣubú lu àwo, àwo ò fọ́. Ṣé ìwọ lo wá fẹ́ fọ́?" Mo kọjú sí akọ̀wé. "Ẹ fín orúkọ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e."

"Alága ní òfin ò gbà á, àfi lọ́jọ́ ìdíje."

"Ó dáa. Òfin yẹn náà ló ní ọjọ́ ìdíje la máa dá a padà. Ẹ lọ ṣe ìdíje, kí ẹni tó bá na àbúrò mi wá gbé e."

"Bàbá, ẹ̀yìn ń dun àbúrò yín. Wọn ò lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́."

"Ó yẹ kó rọ̀ yín lọ́rùn láti nà án nìyẹn."

Akọ̀wé lọ, kò dágbére. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ di ògiri mú, ó dìde. Ó gbé ife sọ̀ kalẹ̀, ó da ṣíbí sórí tábìlì, ó sì ń fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ibi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà. Ìyàwó mi la ẹnu nítorí ṣíbí rẹ̀, ó wo àbúrò mi, ó tún pa ẹnu náà dé.