Omi Alùbọ́sà Hemmu

Idder ọmọ mi ló ya fọ́tò náà, kò sì bi mí kó tó gbé e sórí ayélujára. Ọjọ́ tí adágún ìsàlẹ̀ ilé wa kún dẹ́nu ló yà á, kí ará ìlú ńlá tó ń wá ibi ìsinmi lábúlé lè rí i, kí wọ́n wá sanwó sùn nílé wa. Kò sọ fún wọn pé ìdílé márùn-ún ló ni ín, àti pé alùbọ́sà là ń bu omi ibẹ̀ fún, èèyàn kì í wẹ̀ ńbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sekkat bá dé láti Kasabúláńkà, òun, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ti wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ láti inú mọ́tò. Ẹrẹ̀ àti àkèré méjì ni wọ́n bá nínú adágún. Mo gbé tíì àti búrẹ́dì gbígbóná síwájú wọn, mo ṣàlàyé pé ọjọ́ lọ́jọ́ la pín omi òkè, ti Hemmu aládùúgbò wa ló kàn lónìí. Ó fajú ro. Ó ń wo omi tó ń ṣàn lọ sóko Hemmu lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá, òkúta kan péré ló dí ọ̀nà omi sí adágún. Ẹ gbé e kúrò fún wákàtí kan. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi máa mọ̀. Alùbọ́sà Hemmu náà á mọ̀."

Ó ní òun máa kọ ọ́ sí ìkànnì pé onírọ́ ni wá. Kò pẹ́ ni Idder, tí Sekkat ti fẹjọ́ sùn, pè mí, ó ń bẹ̀ mí kí n ṣí omi náà. Àlejò ti bu ẹnu àtẹ́ lù wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀kẹta lè mú kí wọ́n yọ wá kúrò lórí ìkànnì, owó á sì tán, àfi kí n kó wá bá òun gbé ní Kasabúláńkà. Inú bí mi, pé ọmọ tí mo fi omi yìí tọ́ ló ní kí n jalè. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá jí omi, ará abúlé kì í bá a gbé òkú.

Mo lọ fìdí lé òkúta náà, mo jókòó. Sekkat dúró títí, ẹsẹ̀ ń ro ó. Nígbà tó yá, ó kó ẹrù rẹ̀ sínú mọ́tò, ó sì kọ ohun tó fẹ́ kọ.

Mo pe Idder, mo ní kó fi fọ́tò adágún gbígbẹ sórí ìkànnì dípò ti tẹ́lẹ̀.

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò ní wá mọ́."

"Kí wọ́n má wá. Màá gbin ànàmọ́, màá jẹ ẹ́ nílé mi. Tí ebi bá ń pa ìwọ lọ́hùn-ún, máa bọ̀ wálé."